Òrùlé Tí Akika Tẹ̀ Wó

Tí mo bá tún tẹlifíṣàn ṣe tán, n kì í tètè dá a padà fún ẹni tó ni ín. Mo máa ń tàn án sílẹ̀ fún bíi wákàtí méjì kí gbogbo inú rẹ̀ gbóná dáadáa, torí ohun tó bá máa bàjẹ́ níbẹ̀, ìgbà tó bá gbóná ló máa bàjẹ́. Ó sàn kó bàjẹ́ lójú mi ju kó bàjẹ́ ní pálọ̀ oníbàárà, kí wọ́n wá máa sọ káàkiri Ìwó pé itọ́ ni Sàlàkọ́ fi ń lẹ iṣẹ́.

Fíìmù kan ṣoṣo ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Inú ẹ̀rọ sídì kan tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe ni mo ti bá a. Ẹni tó gbé e wá kó lọ sí Kánò, kò sì padà wá gbà á mọ́. Àwọn ará Jàpáànù ló ṣe fíìmù náà, ó sì ti pẹ́ gan-an, bóyá ó ju ọjọ́ orí mi lọ, èmi náà sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. N ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn, n ò sì lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹranko ràgàjì kan jáde láti inú òkun, ó rìn wọ ìlú, ó sì ń tẹ ilé mọ́lẹ̀. Ìpẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀, ìpẹ́ lórí ìpẹ́, bíi ti akika inú igbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi fi ń pè é ní Akika.

Kò sí fíìmù tó dára tó o fún iṣẹ́ mi. Iná tó ń jó ìlú náà máa ń fi hàn mí bóyá àwọ̀ pupa pé. Òkun ń fi àwọ̀ aró hàn. Òkùnkùn tí Akika ti kọ́kọ́ yọjú ń sọ fún mi bóyá dúdú náà dúdú, àbí ó kàn rí bí eérú. Tí Akika bá bú ramúramù tí sípíkà ò sì gbọ̀n, a jẹ́ pé sípíkà yẹn ń ṣàìsàn. Kí n má purọ́, mo ti wò ó tó ìgbà irínwó. Síbẹ̀, ẹnu ṣì máa ń yà mí.

Ní Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, tẹlifíṣàn Bàbá Adédìpẹ̀ ni mo ń dán wò. Káfíńtà ni Bàbá Adédìpẹ̀. Àwọn ni wọ́n kan òrùlé bí ìdajì ilé tó wà ládùúgbò wa. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n lọ pààrọ̀ páànù ilé kan n'Ílé-Ogbó. Àwọn fúnra wọn náà ló kan igi òrùlé ilé yẹn nígbà tí ara wọn ṣì le. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé igi kan, igi náà dá, wọ́n sì já bọ́ sílẹ̀. Itan wọn fọ́. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, wọn ò sì fọwọ́ kan ayùn mọ́.

Ẹsẹ̀ kọ́ ló dá wọn dúró o. Káfíńtà tí kò lè gòkè ṣì lè jókòó sílẹ̀ kó kan ilẹ̀kùn, kó kan àga. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ni pé: "Igi tí mo fọwọ́ ara mi yàn, tí mo fọwọ́ ara mi kàn, òun ló dá lábẹ́ mi. Tí ọwọ́ káfíńtà bá ti ń purọ́ fún un, kó lọ jókòó sílé."

Nítorí náà, wọ́n ti pinnu láti kó gbogbo irin iṣẹ́ wọn fún Abdulhafeez, ọmọ iṣẹ́ wọn àtijọ́ tó wà pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n já bọ́, tó sì ti di ọ̀gá ara rẹ̀ báyìí ní Kuta. Wọn ò fẹ́ kó wá kó o nílé, torí ìyàwó wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní kó wá bá àwọn ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìrun Àílà, nígbà tí àwọn bá wá gba tẹlifíṣàn àwọn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn wá, àpótí irin iṣẹ́ náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbi tó yẹ kí èèyàn jókòó sí. Mo bá wọn gbé e sábẹ́ tábìlì mi. Ó wúwo débi pé ẹ̀yìn mi dún.

Àwọn méjì ti wà ní ṣọ́ọ̀bù kí Bàbá tó dé. Hikmat, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, wá gba rédíò ìyá rẹ̀. Ọládépò, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ò ní nǹkan kan tó ń tún ṣe. Ó kàn fẹ́ràn ibẹ̀ ni.

"Ó ti ń bọ̀," ni Hikmat wí nígbà tí omi òkun bẹ̀rẹ̀ sí í hó. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o. Èèyàn ló wà nínú ẹ̀. Tó bá ti yí ẹ̀yìn padà, ẹ máa rí síìpù."

"Síìpù báwo?" ni Bàbá bi í.

"Bíi ti búbù mi yìí, Bàbá. Wọ́n rán aṣọ ẹranko, ọkùnrin kan kó sínú ẹ̀, wọ́n wá fa síìpù fún un. Ooru á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán."

Ọládépò bú sẹ́rìn-ín. "Ooru yẹn ló ń bí i nínú tó fi ń wó ilé onílé! Èmi ò tiẹ̀ rí ti Akika rò. Rélùwéè yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ dúró, ó máa kọjá báyìí. Ọmọ mi ní irú ẹ̀ nílé, bátìrì ẹ̀ ló ti kú."

"Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ jọ ń fi ṣeré, Bùọ̀dá Ọládépò. Ìyàwó yín ti sọ fún mi."

"Hikmat, máa ka owó báńkì rẹ, fi ìyàwó mi sílẹ̀."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀pá wọn ti àgbọ̀n, wọ́n tẹjú mọ́ àwòrán náà. Akika gúnlẹ̀. Ó wọ ìlú. Ó tẹ ilé kan, ó tẹ òmíràn, òrùlé ilé kẹta là sí méjì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìlú gidi nìyẹn," ni Bàbá wí.

Hikmat fọwọ́ bo ẹnu. Ọládépò ní, "Bàbá, ìlú páálí ni."

"Páálí ńkọ́? Ìwọ ń wo ẹranko, èmi ń wo òrùlé. Nígbà tí òrùlé yẹn là, mo rí igi lábẹ́ ẹ̀. Igi òrùlé, wọ́n tò tẹ̀léra, ìdábùú wọn pé. Ta ló máa jókòó kan igi sábẹ́ òrùlé ilé ìṣeré, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní dé? Ẹni tó fẹ́ tan èèyàn jẹ, òkè tí èèyàn ń rí ló máa ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi láyà. Nínú ìgbà irínwó tí mo ti wo fíìmù yìí, n ò rí igi kankan rí. Pupa ni mò ń wò, aró ni mò ń wò, dúdú ni mò ń wò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ìlú kékeré ni, mo sì fẹ́ràn kí n máa ṣàlàyé nǹkan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín." Mo dá fíìmù náà padà sí ibi tí Akika ti fi ìrù gbá ọkọ̀ ojú omi. "Ẹ wo omi tó ta sókè yẹn. Ẹ wo bí ẹ̀kán rẹ̀ ṣe tóbi tó."

Wọ́n sún mọ́ ọn. "Ẹ̀kán kan tó orí atukọ̀."

"Ǹjẹ́ ẹ ti rí omi tó kán tóbi tó orí èèyàn rí? Èèyàn lè gé igi kéré, ó lè rọ irin kéré, ó lè rán aṣọ kéré. Kò sí ẹni tó lè gé omi kéré. Bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ̀kán omi náà ló máa rí, ì báà jẹ́ nínú òkun, ì báà jẹ́ nínú báfù. Omi ló tú wọn fó. Ọkọ̀ yẹn ò ju apá mi yìí lọ."

"Sùbùhánàllàhi," ni Bàbá wí.

Ó dùn mọ́ mi débi pé n ò lè dúró. Mo mú àgádágodo ṣọ́ọ̀bù mi, mo so ó mọ́ òwú kúkúrú, mo fì í. Ó ń lọ ó ń bọ̀ kíákíá bí ìrù ajá. Mo tú òwú náà kó gùn tó mi láyà, mo tún un fì. Ó wá ń lọ jẹ́ẹ́, ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́, bí àgbàlagbà tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀.

"Nǹkan kékeré, kíá ló ń ṣe," ni mo wí. "Nǹkan ńlá máa ń pẹ́ kó tó dé ilẹ̀. Tí ilé kékeré yẹn bá wó lójú wa, bíi páálí ìṣáná tó bọ́ láti orí tábìlì ló máa rí. Gbogbo wa la máa mọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n yára ya àwòrán náà, wọ́n wá ń fi hàn wá ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó dà bí ẹni pé ilé gogoro ló ń wó."

Bàbá gba àgádágodo náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fì í lórí òwú kúkúrú, wọ́n fì í lórí òwú gígùn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n gbé e lélẹ̀.

"Ó dáa, ó kéré," ni wọ́n wí. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n igi tí mo rí ńkọ́?"

Mo na ọwọ́ mú rìmóòtù.

Ìgbà náà ni Abdulhafeez gun ọ̀kadà dé láti Kuta. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ní kí n tètè..."

"Dìde, wá jókòó," ni Bàbá dá a lóhùn. "Irin iṣẹ́ wà lábẹ́ tábìlì, kò ní sá lọ. Wá bá mi fi ojú ọ̀dọ́ wo nǹkan."

Rìmóòtù mi ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ kí àwòrán máa lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo wá ibi tí Akika ti gbé ẹsẹ̀ lé òrùlé kẹta yẹn. Ẹni tó ya àwòrán náà sún mọ́ ọn gan-an níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ kan òrùlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òrùlé náà wọlé díẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó là.

Igi wà níbẹ̀. Wọn ò nípọn ju igi ìṣáná lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí eyín òòyà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n lára tẹlifíṣàn. Wọ́n ka mọ́kànlá.

"Ọ̀gá, wọ́n tiẹ̀ fi àtìlẹ́yìn sí i," ni Abdulhafeez wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ẹ wo ibí. Bí ẹ ṣe kọ́ wa gan-an."

"Mo rí i."

"Gbogbo wàhálà yẹn," ni Ọládépò wí, "nítorí nǹkan tí kò tó ìgbà tí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì?"

Bàbá mi orí. "Tí wọn ò bá kan igi sábẹ́ ẹ̀, kò ní wó bí òrùlé. Ó máa kàn pẹlẹbẹ bíi páálí ni. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òrùlé tó pé kó tó lè wó bí òrùlé. Ẹni tó ṣe èyí, ọ̀gá ni. Ó kàn án dáadáa kó lè bàjẹ́ dáadáa."

Hikmat ti sún àga rẹ̀ mọ́ wa. Kò mẹ́nu ba síìpù mọ́. "Ẹni yẹn á ti kú báyìí," ni ó wí. "Kò mọ̀ rárá pé àwọn kan máa jókòó n'Ìwó, kí wọ́n máa ka igi òrùlé ẹ̀."

Mo tún tẹ rìmóòtù. Nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, igi ìdábùú kan dá sí méjì, ojú ibi tó ti dá sì kọjú sí wa. Ìdajì ibẹ̀ tẹ́jú bọ̀rọ̀, ìdajì yòókù ya jágajàga. Inú mi dùn bí ọmọdé.

"Ẹ wo ibí! Wọ́n ti fi ayùn gé e dé ìdajì sílẹ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán, kó lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ló máa dá tí Akika bá tẹ̀ ẹ́. Ibi tó tẹ́jú yẹn, iṣẹ́ ayùn ni. Ibi tó ya yẹn, ẹsẹ̀ Akika ni."

Bàbá Adédìpẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá wọn. Wọ́n ní, "Dá a padà." Mo dá a padà. "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe.

"Bí igi tó dá lábẹ́ mi ṣe rí nìyẹn," ni wọ́n wí. "Nígbà tí mo wà nílẹ̀ n'Ílé-Ogbó, kí ẹ tó gbé mi, igi náà wà níwájú ojú mi. Ìdajì ẹ̀ tẹ́jú, ìdajì ẹ̀ ya. Abdulhafeez, mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, kí èmi náà tó wá gbà pé ojú mi ló tàn mí."

"Ẹ sọ ọ́, Ọ̀gá. A rò pé ìrora ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi igi yẹn dáná."

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn sókè, wọ́n wò ó níwájú àti lẹ́yìn bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. "Ọwọ́ mi kọ́," ni wọ́n wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdún mẹ́ta. Ọwọ́ mi kọ́."

Hikmat pàtẹ́wọ́. Ọládépò ní, "Alihamudulilai." Ìdùnnú náà ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ojú Bàbá kúrò lára ọwọ́ wọn, ó lọ sábẹ́ tábìlì níbi tí àpótí wà, ó wá dúró sójú Abdulhafeez.

"Ìwọ lo gun àjà ilé yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú. O ní o fẹ́ ka iye páànù tó máa gbà."

"Èmi, Ọ̀gá?"

"Ta ló tún gòkè níbẹ̀? Ta ni irin iṣẹ́ yìí ń lọ bá?"

Abdulhafeez kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó dà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ọládépò kùn pé ayé le, pé ẹni tó sún mọ́ni náà ló ń ṣeni.

Mo bi Bàbá pé, "Ilé ta ni n'Ílé-Ogbó?"

"Ilé Alhaji Àkànbí, lẹ́yìn ilé kéwú."

Mo mọ ilé náà. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń wá áńtẹ́nà gíga kí àwòrán lè mọ́, èmi ni mo gbé páìpù áńtẹ́nà sórí ilé Alhaji Àkànbí. Kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yẹn, bí kò ṣe sí ẹni tó kọ́ mi ní ti tẹlifíṣàn. Mo ti rí i pé tí a bá kàn so páìpù mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi, ìjì máa yí i. Mo wá ronú ọgbọ́n kan: mo gé àyè sínú igi òrùlé, ó jìn dé ìdajì, mo jẹ́ kí páìpù jókòó sínú rẹ̀ dáadáa, mo sì fi irin dè é. Ìjì kankan ò lè mì ín. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn gan-an. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n ti yọ páìpù náà kúrò kí Bàbá tó gòkè, tó fi jẹ́ pé àyè tí mo gé nìkan ló kù síbẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "àwọ̀ wo ni ibi tó tẹ́jú lára igi tó dá lábẹ́ yín yẹn ní?"

Wọ́n ronú. "Ó ti dúdú. Eruku wà lára ẹ̀."

"Igi tí wọ́n gé lánàá, funfun ló máa ń rí. A jẹ́ pé ó ti tó ọdún púpọ̀ tí wọ́n ti gé e. Kì í ṣe Abdulhafeez."

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí Abdulhafeez, wọ́n fà á dìde. "Dárí jì mí, ọmọ mi. Èṣù ni."

Abdulhafeez nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Ọlọ́run á máa gbèjà tiyín náà."

Mo lè dákẹ́ níbẹ̀. Bàbá ti mọ̀ pé ọwọ́ wọn ò purọ́, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lórí Abdulhafeez. Ṣùgbọ́n n ò lè ṣe àmín sí àdúrà tó ṣe fún mi yẹn. Mo pa tẹlifíṣàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí méjì rẹ̀ ò tíì pé. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú Bàbá láàárín wáyà àti òjé tó wà nílẹ̀.

"Èmi ni mo gé e, Bàbá. Nítorí áńtẹ́nà."

N ò rí ojú wọn. Ẹsẹ̀ wọn nìkan ni mò ń rí, èyí tó gún àti èyí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí lo fi gé e?"

"Ayùn irin, Bàbá."

"Òkè igi lo gé ni, àbí ìsàlẹ̀ ẹ̀?"

"Ìsàlẹ̀. Mo tẹ ìdí páìpù, mo sì gbé e wọ inú ẹ̀ láti abẹ́."

"Háà. Ìsàlẹ̀." Wọ́n mí. "Tí èèyàn bá dúró lórí igi, òkè igi ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ń fẹ́ ya. Ìsàlẹ̀ yẹn ló ń ru gbogbo ẹrù. Ká ní òkè lo gé, bóyá ì bá gbà mí. Sàlàkọ́, o mọ bí omi ṣe ń kán, o ò wá mọ bí igi ṣe ń ru ẹrù?"

"N ò mọ̀, Bàbá. Mo rò pé ìdajì tó kù á tó."

"Ó tó fún páìpù. Kò tó fún mi." Wọ́n fi ọ̀pá kàn mí léjìká. "Dìde. Ẹsẹ̀ mi ò ní torí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ padà bọ̀ sípò. Ilé mélòó lo ti gé bẹ́ẹ̀?"

N ò tíì rò ó débẹ̀. Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Bàbá sì tẹ̀ lé mi. Láti ibẹ̀, èèyàn lè rí òrùlé púpọ̀, páànù tó ti dógùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù tuntun. Láàárín wọn, páìpù áńtẹ́nà mi dúró ṣánṣán, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tó ń lò wọ́n mọ́, wọ́n kàn dúró síbẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá rí wọn, orí mi máa ń wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Mo fi ti Kuta kún un, mo fi ti Olúpọ̀nnà kún un.

"Mẹ́tàdínlógún, Bàbá. Méjìdínlógún pẹ̀lú ti Alhaji Àkànbí."

Hikmat ti jáde sẹ́yìn wa. "Bùọ̀dá Sàlàkọ́, ilé wa ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Yéè! Abẹ́ páìpù yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì mi wà! Mò ń fi Akika ṣe yẹ̀yẹ́, àṣé ẹ̀yin lẹ ti gun orí ilé wa!"

Ọládépò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò jáde. Bàbá yíjú sí Abdulhafeez.

"Gbé àpótí yẹn."

Abdulhafeez gbé e jáde, ó ń lọ síbi ọ̀kadà rẹ̀.

"Níbo lò ń gbé e lọ? Ilé ìyá Hikmat là ń lọ."

"Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti..."

"Ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá purọ́ fún mi, màá ránṣẹ́ pè ọ́ kí o wá kó o. Kò tíì purọ́."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, a fi àkàbà ti ògiri ilé ìyá Hikmat. Abdulhafeez fẹ́ gòkè, Bàbá ní rárá, ẹni tó gé e ni kó lọ wò ó. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, pákó tuntun kan tí a rà lọ́nà sì wà nílẹ̀ níwájú wọn. Mo rá pálá wọ inú àjà, mo tan iná fóònù mi sí igi náà.

Àyè tí mo gé wà níbẹ̀, ó ti dúdú, ṣùgbọ́n ó ṣì tẹ́jú bí ọjọ́ tí mo gé e. Láti igun rẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan ti bẹ̀rẹ̀, ó ti gùn sókè díẹ̀ nínú igi tó kù. Mo fi èékánná mi sí i. Èékánná mi wọlé. Mo wo ìlà yẹn pẹ́. Kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹranko tó gun ibẹ̀. Ẹrù páànù nìkan ni, lọ́sàn-án àti lóru, fún ọdún púpọ̀, ó ń ya igi ní díẹ̀díẹ̀ lókè orí ẹni tó ń sùn.

"Kí lo rí?" Ohùn Bàbá wá láti ìsàlẹ̀.

Mo sọ fún wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní kí n wọn bí igi náà ṣe fẹ̀ tó, kí n wọn láti ògiri dé ibi tí mo gé, kí n wọn bó ṣe dagun sí. Mò ń wọ̀n ọ́n, mò ń ké e sísàlẹ̀, wọ́n ń dá a pè tẹ̀lé mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ayùn. Ó kọ́kọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere láìdúró.

Abdulhafeez gbé pákó náà sókè fún mi. Ẹni tó gé e ò rí ibi tó ń lọ. Etí lásán ló fi wọ̀n ọ́n. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, mo tì í díẹ̀, ó sì bọ́ sábẹ́ páànù, ó gbára lé ògiri níhìn-ín àti lọ́hùn-ún bí ẹni pé wọ́n kọ́ ilé náà yí i ká ni. Mo yọ ìwé pélébé kan lápò mi, mo fẹ́ fi wá àyè láàárín wọn. Ìwé náà ò wọlé.

"Bàbá," ni mo ké sísàlẹ̀, "ó wọlé. Kò ṣẹ́kù, kò lé."

"Mo mọ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Ìṣó mẹ́fà. Má tò wọ́n sójú kan, kí igi má baà là. Kàn án."